Ṣé Ó Tọ́ Kí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ San Owó Èéfín?

Ìbéèrè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Adátán ní Abẹ́òkúta ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlú Ọba fẹ́ fi ọkọ̀ oníyàrá kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ṣe ibùsùn àti ilé ìdáná sí nínú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome. Ẹ́ńjìnnì 2.3 tó ń mu dísù ni. Ó tún fẹ́ fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì àti jet ski (alùpùpù orí omi) kan sí i, kí a lè máa gbé àlejò lọ sí Olúmọ àti dáàmù Ọ̀yán, kí wọ́n máa san owó fún wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọba yóò gba owó-orí èéfín lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ń ba àyíká jẹ́, àti pé gbogbo ìlú òyìnbó ló ń gbà á. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì tọ́? Jẹnẹrétọ̀ tó wà ládùúgbò wa nìkan ń tú èéfín ju ọkọ̀ tí a óò máa wà lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Ṣé kí n ní kó fi ránṣẹ́, àbí kí n ní kó fi sílẹ̀?"

Àbúrò mi, mo gbọ́ yín. Ọdún 26 ni mo fi yẹ ọkọ̀ wò ní ìpínlẹ̀ yìí kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti fi ìka nu inú sálẹ́ńsà ọkọ̀ tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, mo sì ti bá àwọn tó ń kó ọkọ̀ wọlé jókòó ti ìwé owó ibodè títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, mi ò ní fi gbólóhùn kan dá yín lóhùn. Ẹ̀rù méjì ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀kan jẹ mọ́ àpò: ẹ kò fẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ tán kí owó tí ẹ kò retí wá gbé èrè yín mì. Èkejì jẹ mọ́ ẹ̀tọ́: ó ń dùn yín pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìgbafẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọn yóò mú, tí wọn yóò sì fi ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́jú sílẹ̀. Èkejì yìí ló gba ọ̀rọ̀ jù, òun náà ni n óò sì pẹ́ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ owó-orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun lábẹ́ Olúmọ. Ọdún 1918 ni ìjọba òyìnbó gbé owó-orí tuntun lé Ẹ̀gbá lórí, ọdún náà gan-an sì ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ìbínú hú irin rélùwéè. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, àwọn ìyá wa lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kọ owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, wọn kò sì jáwọ́ títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní 1949. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Ẹ̀gbá kórìíra owó-orí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn kọ̀ ni owó tí wọ́n ń san láìní ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń pín in, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà jẹun bíi pé ọlọ́rọ̀ ni. Ìbéèrè wọn náà ni mo máa ń bi owó èéfín: ta ló ń san án, kí ló fẹ́ kí ẹni tó san án yí padà, ṣé ó sì ní agbára láti yí i padà?

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú ohun kan tó ti lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe gbogbo owó tí wọ́n ń san lórí ọkọ̀ ní owó-orí, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n wà fún yàtọ̀ síra. Owó ibodè wà torí pé ọjà òkèèrè wọlé. Owó tí ẹ ń san lọ́dọọdún kí ìwé ọkọ̀ yín tó pé wà torí pé ọkọ̀ ń rìn lójú títì ìjọba. Owó ohun olówó-ńlá wà torí pé ẹni tó ra á lówó lọ́wọ́, ìjọba fẹ́ kó fi díẹ̀ sílẹ̀. Owó èéfín yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ìdí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: ọkọ̀ mi ń tú ohun kan sínú afẹ́fẹ́ tí ìwọ àti ọmọ rẹ ń fà símú, èmi kò sì san kọ́bọ̀ fún un, nítorí náà kí n san. Tí wọ́n bá gbà á gẹ́gẹ́ bí owó èéfín, èéfín ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n, kí wọ́n má wọn ọrọ̀ olówó ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń ṣì í ṣe, tiwa náà sì wà lára wọn.

Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ tán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde owó kan lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé, wọ́n sì so ó mọ́ ààbò àyíká. Cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, 2.3 yín jẹ́ nǹkan bí 2,300 cc. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá wà láàárín 2,000 sí 3,999 cc yóò san ìdá 2 nínú 100, èyí tó bá tó 4,000 cc tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò san ìdá 4 nínú 100. Wọ́n yọ ọkọ̀ tí kò tó 2,000 cc kúrò, wọ́n yọ bọ́ọ̀sì akérò, ọkọ̀ oníná mànàmáná àti èyí tí wọ́n ṣe nílé kúrò. Owó náà kò pẹ́ láyé: Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá a dúró ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún yẹn, pẹ̀lú owó tí wọ́n fẹ́ gbé lé ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí pé ẹ́ńjìnnì 2.3 yín bọ́ sínú ìdá 2 yẹn gẹ́lẹ́. Inú mi kò dùn sí bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ rárá. Ẹ fojú inú wo tòkúnbọ̀ 1.8 kan tó ti lo ọdún mọ́kànlá lókè òkun, tí ríǹgì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jẹ, tó ń tú èéfín aláwọ̀ aró bí agbada aláró ní Ìtòkú. Ìyẹn kò ní san nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì 2.3 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta, tí asẹ́ èéfín rẹ̀ pé, ni yóò san. Títóbi ẹ́ńjìnnì nìkan kò sọ bí èéfín rẹ̀ ṣe rí. Ọjọ́-orí ọkọ̀, epo tí ó ń jó ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí àyẹ̀wò bá fi hàn lẹ́nu sálẹ́ńsà ló ń sọ ọ́.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ wà nínú òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Òfin náà ní àyè fún àfikún ìdá 5 nínú 100 lórí epo bíi bẹntiróòlù àti dísù. Àmọ́ kì í ṣe pé ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀. Ó di ìgbà tí Mínísítà fún ètò ìnáwó bá pàṣẹ rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Wọ́n yọ gáàsì ìdáná, kẹrosíìnì ilé, gáàsì CNG àti agbára tó mọ́ bíi ti oòrùn kúrò nínú rẹ̀. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀, kò ní béèrè bóyá ìgbafẹ́ ni ẹ ń lọ àbí iṣẹ́. Ẹni tó bá ra lítà kan yóò san ti lítà kan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ yín ní òtítọ́ nínú ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó sì ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán yóò di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3. Ti dísù jẹ́ nǹkan bíi 2.7. Ẹ gbà pé ọkọ̀ oníyàrá yín ń jó lítà 12 ní 100 kìlómítà, tí ẹ sì ń rìn 200 kìlómítà lóṣù kan. Lítà 24 lóṣù nìyẹn, 288 lọ́dún, ó sì di nǹkan bí kìlógíráàmù 778 kábọ́ọ̀nù. Ilé kan ládùúgbò yín tó ń fi lítà mẹ́rin tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́ yóò jó 1,460 lítà lọ́dún, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò sì lé ní 3,350 kìlógíráàmù. Ó ju ti ọkọ̀ yín ní ìlọ́po mẹ́rin, ilé kan ṣoṣo sì nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró ní Adátán tó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló ń ba afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta jẹ́ kò tíì fi ojú wo àyíká rẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé ohun méjì ló ń jáde lẹ́nu sálẹ́ńsà, a sì máa ń pe méjèèjì ní èéfín. Èyí tí ojú ń rí, tó ń ta ni nímú, tó ń mú ọmọdé wúkọ́, ìhín ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nínú ọgbà yín. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, gbogbo ayé ló ń dà sí, òun ló ń mú ilé ayé gbóná. Mo ti rí awakọ̀ tó fi ìbínú bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ wo ẹnu sálẹ́ńsà mi, ṣé ẹ rí èéfín?" Òótọ́ ló sọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n jíìpù rẹ̀ ń jó epo tí mọ́tò kékeré méjì lè lò. Ẹ́ńjìnnì tó mọ́ kò túmọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tí kò ní kábọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá sì fi wákàtí ṣírò dípò ọdún, àwọn ohun ìgbafẹ́ mìíràn máa ń ṣeni ní kàyééfì. Jet ski ńlá tí ọmọkùnrin kan bá tẹ̀ dópin lè mu tó lítà 40 ní wákàtí kan, kìlógíráàmù kábọ́ọ̀nù 92 nìyẹn, fún ẹni kan tó ń yí po lójú omi. Ọkọ̀ oníyàrá yín lè gbé ènìyàn mẹ́rin lọ sí Ìbàdàn kó sì gbé wọn padà, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Jet ski yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹrù ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour", èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, epo àti ọ́ìlì jọ ń wọlé ni, wíwọlé epo tuntun àti títú èéfín jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà kan náà. Torí náà, epo tútù máa ń bá èéfín jáde láìjó. Nínú àwọn tó ti gbó lára wọn, ìdá 25 sí 30 nínú 100 epo tí wọ́n bá mu ló lè jáde bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jet ski àtijọ́ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́, irú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni, abẹ́ omi sì ni sálẹ́ńsà wọn máa ń tú sí. Ẹ bu lítà epo mẹ́wàá, ẹ da méjì àbọ̀ rẹ̀ sódò: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 ni a ti ń rí lára omi tí wọ́n ń pọn sí ilé wa ní Abẹ́òkúta àti sí Èkó. Omi mímu ni. Ní Amẹ́ríkà, adágún ńlá kan wà láàárín California àti Nevada tí wọ́n ń pè ní Lake Tahoe. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti lé irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú omi náà. Wọn kò ní kí olówó wá san owó kó sì máa da epo sómi lọ. Wọ́n ní kó gbé e kúrò. Èmi náà fara mọ́ ìyẹn fún Ọ̀yán. Owó-orí kò lè yọ epo kúrò nínú omi tí ọmọ ti mu. Ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn òkè wa: ilẹ̀ tó wà lórí àpáta Ẹ̀gbá fẹ́lẹ́, táyà tó ní eyín ńláńlá ń hú koríko rẹ̀, òjò kan péré sì tó láti gbé ìyókù sọ̀ kalẹ̀ sí gọ́tà. Ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ gùn ún dé ni òfin yẹ kó sọ.

Ọ̀rẹ́ yín ní gbogbo ìlú òyìnbó ló ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa mẹ́rin nínú wọn, torí pé wọn kò ṣe é bákan náà. Ní Ìlú Ọba níbi tí ẹ̀gbọ́n yín wà, títí di oṣù Kẹjọ 2019, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníyàrá tuntun ń san 265 pọ́n-ùn lọ́dún àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi kábọ́ọ̀nù wọ̀n wọ́n bíi mọ́tò kéékèèké, owó náà sì lè fò dé 2,135 pọ́n-ùn. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà àti àwọn tó ń tà á pariwo. Ohun tí wọ́n wí sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò lè yan èyí tó ń jó epo díẹ̀ tàbí èyí tó ń lo iná, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníyàrá kò rí òmíràn rà, abẹ́ bọ́ọ̀sì akẹ́rù kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó lé. Owó náà kò lè yí ohun tí wọ́n rà padà, ó kàn ń mú kí ẹni tó ní èyí tó ti gbó má pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba yí i padà. Ní Jámánì, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n lò. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fi ìwúwo ọkọ̀ oníyàrá àti bí èéfín rẹ̀ ṣe mọ́ tó gbé owó ọdọọdún lé e. Èyí tó wúwo tó sì dọ̀tí ń san jù, èyí tó fẹ́rẹ̀ tó sì mọ́ ń san díẹ̀. Ti Jámánì yìí wù mí, torí ó fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń san án. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ìdá 10 nínú 100 lé iye tí owó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá fi lé ní 100,000 dọ́là, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Owó ọlọ́rọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà, kò kan èéfín. Àwọn ọlọ́rọ̀ dáwọ́ rírà dúró, àwọn káfíńtà àti wẹ́dà tó ń kan ọkọ̀ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fagi lé e ní 1993. Ní ti ibi tí owó bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ẹ wo Norway, tó gbé owó gọbọi lé ọkọ̀ elépo tó sì mú un kúrò lórí ọkọ̀ oníná: ní 2024, nínú ọkọ̀ tuntun 100 tí wọ́n rà níbẹ̀, nǹkan bí 89 ló ń lo iná mànàmáná. Ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ni pé ọkọ̀ mìíràn wà tí ènìyàn lè yà sí, iná ìjọba sì wà láti fi gba agbára sí i.

Látàrí gbogbo èyí ni mo ṣe gbà pé ibi tí ènìyàn bá ti ní ohun mìíràn láti yàn ni owó èéfín ti tọ́. Tí ìjọba bá fẹ́ rọra gba gbogbo rẹ̀ lórí epo, ó dà bíi pé ìyẹn ló tọ́ jù, torí lítà kò mọ ojúsàájú. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ mo wà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 2023 nígbà tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún, tí bẹntiróòlù fò láti bíi náírà 190 kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Lafẹ́nwá dé Ṣapọ́n. Ìyá tó ń lọ ata ládùúgbò wa gbé owó ìlọta sókè, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì padà sórí ọlọ. Jíìpù ńláńlá tó ń kọjá ní Òkè-Ìlewó kò dín kù lójú mi. Ẹni tí kò ní iná ìjọba kò yan jẹnẹrétọ̀ torí pé ó wù ú. Ẹ́ńjìnnì ìlọta kò ní ẹ̀dà oníná tó lè ṣiṣẹ́ níbi tí iná kò sí. Tí a bá gbé owó lé irú èéfín bẹ́ẹ̀, a kàn ń jẹ ènìyàn níyà torí ohun tí ìjọba kò pèsè. Ìgbafẹ́ yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ebi yóò pa torí pé kò gun jet ski. Ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lè yan kékeré, ó lè yan èyí tó mọ́, ó lè yan ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà, ó lè yá ti ẹlòmíràn lò dípò kí ó ra tirẹ̀. Nítorí náà, àbúrò mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín ń tú èéfín jù yín lọ, mo ṣì gbà pé ó yẹ kí ẹ̀yin san nǹkan kí òun má san. Mo mọ̀ pé kò ní dùn lẹ́nu yín. Kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọkọ̀ bá wọlé, kí wọ́n wo ọjọ́-orí rẹ̀, irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti epo tó ń jó, kí wọ́n sì sọ iye rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni tó san owó ọkọ̀ lókè òkun. Tiyín, tó ń gbé ènìyàn mẹ́rin jáde nínú ọkọ̀ kan, kò yẹ kó wọ́n. Jet ski àtijọ́ kò yẹ kó wọlé rárá.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nínú èrò mi yìí. Owó tí a bá gbà lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ nílẹ̀ wa kò lè pọ̀, torí àwọn ọkọ̀ náà kò pọ̀. Kò lè dá omi òjò dúró kó má bo àwọn ilé etí odò Ògùn, kò sì lè mú afẹ́fẹ́ Pánṣẹ́kẹ́ mọ́ lọ́sàn-án ọjà. Iná ìjọba tó dúró déédéé, àti àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi rìbá yẹ̀ sílẹ̀, ni yóò ṣe ìyẹn. Ní ọdún tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kọ̀wé kí ọkọ̀ tó ń tú èéfín dúdú lọ tún ara ṣe, n óò sì tún rí ọkọ̀ náà lójú títì ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìwé pé ó yè kooro. Ó máa ń dùn mí wọ inú egungun. Tí owó èéfín bá bẹ̀rẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa á, àfi tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ wọn èéfín lójú olówó ọkọ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún ará ìlú lọ́dọọdún iye tí wọ́n gbà àti ibi tí wọ́n ná an sí. Àwọn ìyá 1947 béèrè ohun tó kéré sí ìyẹn.

Ó wá ku ohun tí ẹ óò ṣe. N kò lè ka iye owó ibodè fún yín láìrí ìwé ọkọ̀, torí ọdún tí wọ́n ṣe é àti iye tí wọ́n bá dá lé e ló ń gbé e sókè sódò. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín ya fọ́tò ìwé ọkọ̀ náà ránṣẹ́, kí ẹ gbé e lọ fún aṣojú aṣọ́bodè tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú ọjọ́ lórí, kó sì sọ bóyá owó àyíká kankan wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má gba ti ẹnu. Ẹ tún béèrè bóyá asẹ́ èéfín ṣì wà nínú sálẹ́ńsà rẹ̀. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀sì dísù tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ló ní in, àwọn tuntun sì tún ń lo omi tí wọ́n ń pè ní AdBlue. Dísù tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ bá pọ̀ máa ń dí asẹ́ náà pa, mẹkáníìkì yóò sì sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun gé e sọ nù. Ẹni tó bá gbà fún un ti sọ ọkọ̀ tó mọ́ di ọkọ̀ tó ń tú dúdú, láàárín wákàtí kan. Ibi tí wọ́n bá ti ń ta dísù tó dára ni kí ẹ wá, kí ẹ sì máa rìn jìnnà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí asẹ́ náà lè gbóná kó fọ ara rẹ̀. Ìrìn-àjò Ìbàdàn dára fún un ju yíyí po láàárín Kútọ̀ àti Aké lọ. Ọ̀nà tó lọ sí Olúmọ láàárín Ìkìjà tóóró, ẹ páàkì sílẹ̀ kí àwọn àlejò fi ẹsẹ̀ gun ìyókù.

Ní ti Ọ̀yán, ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń mójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí oríkò rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta níbí, kí ẹ tó gbé ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì dé ojú omi wọn. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè wá tí ẹ bá ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ẹ óò là ọ̀nà sí fún un, tí ẹ kò ní jẹ́ kó gun òkè. Ẹ wá bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè ohun kan ṣoṣo nípa jet ski náà: ṣé wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tàbí ó ń fa ọ́ìlì mọ́ epo fúnra rẹ̀? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ní kó tà á síbẹ̀, kó fi owó rẹ̀ ra páńẹ́lì oòrùn àti bátìrì sórí ọkọ̀ oníyàrá, kí àwọn àlejò yín lè sùn létí Ọ̀yán láìtan jẹnẹrétọ̀.